Kí Ẹ Tó Gba Bíró Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ bá mi yí rédíò yẹn wálẹ̀ díẹ̀.

Ká ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nyanya l'Ábújá níbí, fóònù dún. Ọkùnrin kan ní: "Ẹnì kan wá fẹjọ́ yín sùn nítorí ohun tí ẹ kọ sórí Facebook. Ẹ máa bọ̀ ní àgọ́ wa." Àyà yín já. Kí ni ìka yín máa kọ́kọ́ ṣe? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ máa lọ pa ohun tí ẹ kọ rẹ́.

Ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Ẹni tó lọ fẹjọ́ sùn ti ya screenshot kó tó kúrò nílé. Tí ẹ bá pa á rẹ́, wọ́n á kàn ní ẹ ń fi nǹkan pamọ́ ni. Ẹ̀yin náà ẹ ya tiyín: ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èsì tó tẹ̀lé e, torí ìlà kan ṣoṣo lẹni yẹn máa gé mú lọ.

Ó dáa. Ṣé òfin gbà wá láàyè láti sọ̀rọ̀? Ó gbà wá. Abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Abala 45 ló wá ní ẹnu náà ní ààlà: ààbò ìlú, àlàáfíà, ẹ̀tọ́ ọmọlàkejì. Odó ni mo máa ń fi ṣàlàyé ẹ̀, ó ti sú ìyàwó mi gbọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Kubwa. Iṣu mi ni, odó mi ni, kò sẹ́ni tó lè ní kí n má jẹyán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gún un ní aago 11 alẹ́, orí ọmọ jòjòló tó ń sùn nísàlẹ̀ ni ọmọ odó ń bọ́ lé. Ibẹ̀ ni ààlà wà.

Wàhálà wa ni pé òfin íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 kò mọ ìyàtọ̀ ariwo odó àti òórùn iyán. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, abala 24 rẹ̀ ní ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ìríra ránṣẹ́, tàbí irọ́ tó fẹ́ fi bí ẹlòmíì nínú, lè san tó mílíọ̀nù 7 náírà, kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Ta ló ní òṣùwọ̀n ìbínú? Ní 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní abala yẹn tẹ ẹ̀tọ́ èèyàn mọ́lẹ̀. Ní 2024, wọ́n tún un ṣe. Ohun tó kù níbẹ̀ ni àwòrán oníhòòhò, àti irọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn wewu. Irọ́ tí ẹ MỌ̀ pé irọ́ ni o! Bí ẹnikẹ́ni bá ka ti àtijọ́ sí yín létí, ẹ bi í léèrè ti 2024.

Ẹ má tíì máa jó. Òkè Ọya la wà. Penal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ókè Ọya títí kan Àbújá, ṣì ka bíbani-lórúkọ-jẹ́ sí ìwà ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 wà nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tún le ju ìyẹn lọ. Mubarak Bala, ọkùnrin tó ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 24 ní Kánò ní 2022 lórí ohun tó kọ sí Facebook, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù sí 5. Lọ́dún 2022 yẹn kan náà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Sókótó sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kíláàsì wọn. Kò dé iwájú adájọ́ kankan. Èrò ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí gbogbo yín ti ń ṣubú. Èmi náà ti ṣubú níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹ́sítéètì wa pé owó borehole ti wọ àpò ẹnì kan. Wọ́n pè mí lágọ̀ọ́. Wọ́n fún mi ní piọ́wọ́tà, wọ́n gbé ìwé àti bíró síwájú mi: "Ọ̀gá, ẹ kàn ṣàlàyé ara yín, ẹ máa lọlé." Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rí ìwé! Ojú ewé 3 ni mo kọ. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò fojú rí owó kankan, pé mo kàn gbọ́ ni. Lọ́yà mi kà á tán, ó yọ dígí ojú ẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀nba tí wọn ò mọ̀, ẹ ti bá wọn kọ ọ́."

Torí ẹ̀: Ẹ MÁ KỌ STATEMENT KÍ LỌ́YÀ TÓ DÉ. Ìwọ tó ń fọwọ́ kan din dòdò, gbọ́: MÁ KỌ STATEMENT KÍ LỌ́YÀ TÓ DÉ! Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ló fún yín láyè láti dákẹ́. Ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. "Sà, tí lọ́yà mi bá dé, màá kọ ọ́." Ó tán. Bí owó lọ́yà kò bá sí, ẹ wá Legal Aid Council lọ, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà. Láàárín wákàtí 24, àwọn ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú yín sílẹ̀ fún yín ní èdè tó yé yín. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Lugbe, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́ Hausa, Yorùbá ló yẹ kó gbọ́ ọ.

Ẹ rántí pé ọjọ́ Ẹtì ni mo ní fóònù dún? Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ 1 ni òfin fún wọn láti gbé yín débẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé ló sábà máa ń rí adájọ́. Torí náà, lórí fóònù yẹn, kí ẹ fi sùúrù béèrè orúkọ IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà, àgọ́ wo, ẹ̀sùn wo, kí ẹ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé lẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú lọ́yà. Ẹ sì lọ lóòótọ́ o! Tí wọn ò bá bá yín nílé, òfin 2015 tó de ètò ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní wọn ò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí àbúrò yín dípò yín.

Tèmi ńkọ́? Wọ́n ní ká lọ parí ẹ̀ nílé. Borehole ọ̀hún kò sì tíì sun omi títí di òní. Mo ti ya screenshot ẹ̀.