Pùláànù Wà Nínú Kọ̀ǹpútà, Bíríkìlà Wà Lórí Àkàbà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé kíkọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní Ìbàdàn nìyí. Mo yọ ìkíni kúrò. Àwàdà inú rẹ̀, mi ò yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ìlà kan ṣoṣo nínú pùláànù: Y12 @ 200. Ẹnjiníà tó kọ ọ́ ń sọ pé kí wọ́n to irin onímìlímítà 12 sínú dẹ́kìnì, kí àárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 200. Bí ẹ bá ní Revit, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya ilé, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè yí ilé náà po, kí ẹ ka irin inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí ibi tí páìpù omi ti fẹ́ dá bíìmù lu kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ńtì. Ó dára. Èmi náà ń lò ó.

Ó yá, ẹ bá mi tẹ̀ lé ìlà náà dé sáìtì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Fòmánù ya bébà náà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nọ́ńbà ti di bàìbàì. Ẹni tó ń tẹ irin pè é padà. Fòmánù fi ohùn ránṣẹ́: “Twelve ni jàre, ẹ tò ó bí ẹ ṣe to ti ọjọ́sí.” 200 já bọ́ sọ́nà báyẹn. Ti ọjọ́sí, 300 ni wọ́n tò ó, nítorí ilé mìíràn ni. Ẹ bá mi ṣírò ó: irin 15 ló yẹ kó wà nínú mítà 3; 10 ló débẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta irin ti lọ, ẹnikẹ́ni ò sì jalè.

A fẹ́ràn ká máa pariwo olè. Olè wà, mi ò jiyàn. Ẹ rántí ilé tó wó ní Ìta Fáàjì, l'Ékòó, ní 2019, ẹ rántí ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní 2021. Ohun tó wó wọn kọ́ ni mo wá sọ lónìí. Ṣùgbọ́n ilé kì í wó tán kí àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà tó dé pẹ̀lú kóòtù àti táì. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ lójú mi pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe. Òótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà kì í gbé kọnkéré gun àkàbà náà. (Ẹ̀rín.)

Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́dún tó kọjá, ẹ ó tún gbọ́ ọ: pùláànù tí kò dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àwòrán ara ògiri ni. Láti April 2016 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní dandan ni kí iṣẹ́ ilé tí òun bá gbé jáde wà lórí BIM, ìyẹn àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà tó gbé ìwọ̀n àti ohun èlò dání. Ní 2017, ilé gíga kan tí wọ́n ń pè ní Grenfell jó ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 72 kú. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 wá ní kí ilé gíga ní àkọsílẹ̀ tí yóò máa bá a lọ láti orí pùláànù títí di ìgbà tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Àwọn náà ti rí i pé láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń sọnù.

Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún náà ń fi WhatsApp kọ́lé. Ẹ̀gbọ́n kan fi fọ́tò dẹ́kìnì ilé onílé ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Géètì tó wà lẹ́yìn fọ́tò ló tú àṣírí: géètì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jọ dàgbà sí ni.

Alága ti ti ìwé pélébé sí mi, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Dírónù, ẹ̀rọ tó ń tẹ ilé jáde bí ìwé, ẹ lọ kà nípa wọn nílé. Lésà tí wọ́n fi ń wo títẹ́jú ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ rà. Àbá mi ni pé kí a máa fi ohùn Yorùbá sórí pùláànù nínú fóònù, ká sì fi ti Ẹ̀gùn àti Faransé kún un, torí àwọn tó ń lẹ táìlì fún wa láti Kútọnú àti Lomé.

Ibẹ̀ ni bàbá bíríkìlà kan ti dìde lẹ́yìn.

“Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ká máa wo pùláànù lórí fóònù. Ta ló máa ra dátà? Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún mi. Bí mo bá dúró wo fóònù, wọ́n á ní mò ń ṣeré. Bí mo bá béèrè ohun tí kò yé mi, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n á pè lọ́la. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ní. Ọ̀kan ń gun ọ̀kadà, ọ̀kan ti gba Líbíà lọ. Èyí tó kù, ṣé òun ni kí n kọ́ ní fóònù yín?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ní ìdáhùn kan lápò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ní sáìtì. Mo dá a padà sápò. Fọ́tò tó bàìbàì kọ́ ló gbé 200 sọnù. Ẹni tó ń tẹ irin mọ̀ pé nọ́ńbà kan kù; ó mọ̀ bákan náà pé bí òun bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ lè bọ́. Ọjọ́ dẹ́kìnì sì ni, owó ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ń lọ, ta ló fẹ́ dúró? Àwọn tó ń ṣírò owó ilé máa ń ka ìṣó. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ka ìdajì wákàtí tí oníṣẹ́ fi ń béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Nígbà kan, ilé ọ̀gá ló ń sùn, níbẹ̀ ló ń jẹun, títí tí yóò fi gba fíríìdọ̀mù. Lónìí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń wá oúnjẹ, ọ̀kadà sì ń sanwó kó tó di alẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ ìdajì wákàtí náà sínú àdéhùn iṣẹ́ pẹ̀lú owó rẹ̀. Alága ní àkókò ti tán.

Nígbà tí a jáde, bàbá náà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yọ fóònù rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Fọ́tò dẹ́kìnì ló kún inú rẹ̀, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré, tépù ìwọ̀n sì wà lórí irin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà hàn kedere. Ó ní nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá máa ní òun ni. Mo ní kó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní dátà òun ti tán.