"For the birds": ìtumọ̀ nìkan ò tó

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ yẹ̀ wò ò ju mẹ́ta lọ, "for the birds", àwọn ará Amẹ́ríkà ló máa ń sọ ọ́ jù, tí nǹkan bá ti já sí asán lójú wọn, tí ò tó ohun téèyàn ń fàkókò ṣòfò lé lórí. "This meeting is for the birds." Ìpàdé yẹn ò já mọ́ nǹkan kan, ó tán. Kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti wà lẹ́nu àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà, wọ́n tún máa ń fi "strictly" ṣáájú ẹ̀ kó lè le sí i. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí táwọn ẹyẹ máa ń ṣa hóró ọkà tí ò dà jẹ nínú ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àlùfààṣá kan wà níwájú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá gé kúrò. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn! Àwọn olùkọ́ tó ń to irú ọ̀rọ̀ yìí jọ rẹpẹtẹ sórí ìwé, ìtumọ̀ ẹ̀ rèé, ẹ há a sórí, wọ́n ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣeré ni, mo sì ti sọ ọ́ lójú wọn. Níbo ló ń jókòó nínú gbólóhùn? Ẹ̀yìn "is" tàbí "was" ni, kì í wá síwájú orúkọ nǹkan, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé "a for the birds idea". Ẹ ò lè yọ "the", ẹ ò lè yọ "s". Ẹ tún wo "a hill of beans", nǹkan asán lòun náà ń sọ, àmọ́ "not" gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀: "It's not worth a hill of beans." Tẹ́ ẹ bá lọ gbé "not" yẹn sínú tẹyẹ, ẹ ti yí ọ̀rọ̀ yín padà pátápátá, ẹ ti ní nǹkan náà wúlò!

Mo fẹ́ bọ́ sórí àwọn tó jọ ọ́ nígbà tí arábìnrin kan nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè kọ ọ́ sí ọ̀gá mi tí àbá ẹ̀ ò bá dáa?"

Rárá o! Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló ni nǹkan náà. Tí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín bá jọ ń ráhùn nípa jíjí ní aago mẹ́rin òru, "getting up at four is for the birds", kò sẹ́ni tó máa bínú, torí kò sẹ́ni tó ni í. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó, tó ronú, tó kọ àbá kalẹ̀, tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ sí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lẹ tàbùkù, ẹ ò sì sọ ìdí kankan fún un. Gbólóhùn yẹn ò ní ìdí nínú, ìdájọ́ lásán ló gbé wá. Ẹ kọ "I don't think this will work because...", kẹ́ ẹ wá sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní tí ọ̀gá bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àbá òun for the birds ni ńkọ́? Ẹ má bá a gbè é, ẹ béèrè ohun tí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àkókò ti lọ. Ní kúkúrú, tẹ́ ẹ bá wà láàárín àwọn ará Brítéènì, "a load of rubbish" lẹ máa gbọ́ jù, òun náà ò sì ṣeé kọ sí ọ̀gá.