Kámẹ́rà Àlejò Lẹ́yìn Tẹlískóòpù Olóhun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ibi tẹ́ ẹ ń wò yìí, òkè La Silla ni, ní Chile, ó ga tó 2,400 mítà, aṣálẹ̀ gbáà ni, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Nínú ilé tó ń dán yẹn ni tẹlískóòpù tí wọ́n ń pè ní NTT wà, dígí ẹ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́ta ààbọ̀. ESO ló ni ín, àjọ táwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ fún ìwádìí ìràwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó máa kọ̀wé tọrọ òru, wọ́n á gbé ìwé tiẹ̀ ti tàwọn tó kù, èyí tó dáa jù ni wọ́n á mú.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ẹni tó ni tẹlískóòpù náà ló ni kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ o. Dígí ńlá yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀, kó máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ohun tí wọ́n bá wá dè mọ́ ọn lẹ́yìn ló máa pinnu nǹkan tí wọ́n á rí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún. Bí ohun tó o fẹ́ rí bá wá jẹ́ ohun tí kámẹ́rà onílé ò lè rí ńkọ́? Wàá lọ ṣe tìẹ ni, wàá sì gbé e wá. Irú ẹ̀ ni mò ń pè ní àlejò.

Ẹ jẹ́ ká mú kámẹ́rà àlejò kan tí wọ́n ń pè ní ULTRACAM. Àwọn Vik Dhillon ní Yunifásítì Sheffield àti Tom Marsh ní Warwick, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Edinburgh, ló ṣe é. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà wéré wéré, kámẹ́rà tó sì máa ń wà nídìí tẹlískóòpù, tó bá ya àwòrán kan tán, ó ṣì máa lo sẹ́kọ́ǹdì bíi mélòó kan kó tó kà á wọ kọ̀ǹpútà, kó tó wá ṣí ojú padà ìràwọ̀ ti ṣe gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe tán. ULTRACAM ò dúró de ìyẹn. Tó bá ya ọ̀kan, ó máa sún un sábẹ́ apá kan tí wọ́n bò lára chip ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ibẹ̀ ló ti ń kà á bó ṣe ń ya èyí tó kàn lọ́wọ́, bí ibi tó ń wò bá sì kéré dáadáa ó lè ya tó 300 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, àwọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní 2002 wọ́n kọ́kọ́ so ó mọ́ William Herschel, tẹlískóòpù mítà 4.2 tó wà ní erékùṣù La Palma. Ní 2005 ó dé orí VLT, tẹlískóòpù ESO míì ní òkè Paranal ní Chile, mítà 8.2 nìyẹn. Láti 2010 ló ti ń lọ sórí NTT tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀kan.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń so ó? Ibi tó dùn jù létí mi rè é, mi ò sì mọ ìdí táwọn èèyàn kì í fi í sọ ọ́. Kó o tó kọ̀wé rárá, wàá ti bá àwọn onílé sọ̀rọ̀, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ihò bóòtù tìẹ bá tiwọn mu, báwo ló ṣe wúwo tó, apá ibo ló fì sí. Tẹlískóòpù ò kí ń dúró sójú kan, ó ń tẹ̀ lé ojú ọ̀run, ibi tí kámẹ́rà wà sì tún ń yí fúnra ẹ̀ torí lójú tẹlískóòpù ńṣe ni àwòrán ọ̀run ń yí, tí ẹrù ẹ bá wá fì sápá kan bí agbọ̀n tó fì lórí aláàárù, mọ́tò tó ń yí i á bẹ̀rẹ̀ sí í tiraka, àwòrán á bà jẹ́. Irin oníwúwo ni wọ́n máa ń dè sódì kejì kó lè dọ́gba. Wáyà ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ lé yíyí yẹn láì lọ́ mọ́ra, láì já. Iná ńkọ́, omi tútù ńkọ́, torí chip ULTRACAM máa ń tutù dé nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 40 sísàlẹ̀ òdo, ooru tí wọ́n fà jáde lára ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà lọ. Ó tún fẹ́ GPS, kí àkókò àwòrán kọ̀ọ̀kan lè pé gẹ́lẹ́, bí ò bá sí ìyẹn kí la ń yára sí? Software tìẹ náà gbọ́dọ̀ lè bá ti tẹlískóòpù sọ̀rọ̀.

Chile ni o, ẹ má gbàgbé, ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì. Kinní ẹ gbọ́dọ̀ lè fara da ìmìtìtì ilẹ̀ láì já bọ́ lu dígí onídígí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹrù á wọ bàálù lọ sí Santiago, ẹ tún máa bá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fa ìwé pé ẹ ò tà á o, ẹ ń gbé e padà, ọkọ̀ á wá gbé e ní nǹkan bíi 600 kìlómítà lọ sí apá àríwá. Ẹ dé orí òkè, ọ̀sán lẹ máa tò ó, ẹ máa dán an wò. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló máa wa tẹlískóòpù, àmọ́ kámẹ́rà, tiyín ni. Bó bá kọṣẹ́ láago méjì òru, kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa pè níbẹ̀ tó mọ inú ẹ̀ jù yín lọ. Bí ìkùukùu bá sì bo òru tí wọ́n fún yín, ó ti lọ nìyẹn, wọn ò ní san án padà.

Kí ló wá dé tí wọ́n ń ṣe wàhálà yìí? Ẹ wo AR Scorpii, ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn ká. Ó jìnnà sí wa débi pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa rìn fún nǹkan bí ọdún 380 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2015 àwọn tó ń wo ìràwọ̀ fún ìgbádùn ló kọ́kọ́ rí i pé ìwà ẹ̀ ò yé àwọn, ìgbà tí wọ́n wá kọjú ULTRACAM sí i ní La Palma, wọ́n rí i pé bíi ìṣẹ́jú méjì méjì ló ń tàn yòò, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́rin láàárín ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì. Òkú ìràwọ̀ kan tó ṣù kíki ló ń yí bírí bírí, tó ń ná ìràwọ̀ pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lẹ́gba. Kámẹ́rà tó máa ń sinmi láàárín àwòrán méjì, ibo ló ti fẹ́ rí ìyẹn?

Àlejò míì tún wà, IGRINS, ti Yunifásítì Texas àtàwọn ará Korea. Ìyẹn kì í ṣe kámẹ́rà, ó ń pín ìmọ́lẹ̀ tójú wa ò lè rí sí wẹ́wẹ́ ni. Ní ilé ìwòràwọ̀ McDonald ní Texas ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ó lọ sí Arizona, ní 2018 ó dé tẹlískóòpù Gemini South ní Chile, mítà 8.1. Níbẹ̀, àwọn tí ò bá wọn ṣe é náà lè kọ̀wé pé àwọn fẹ́ lò ó, òun ni wọ́n sì fi wọn omi àti gáàsì carbon monoxide nínú afẹ́fẹ́ WASP-77Ab, pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí ìràwọ̀ míì ká, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2021. Nígbà tó yá àwọn tó ni Gemini ní kí àwọn ará Korea kúkú ṣe irú ẹ̀ fáwọn, wọ́n sì ṣe IGRINS-2. Ìyẹn kì í ṣe àlejò mọ́, orí òkè Maunakea ní Hawaii, níbi tí tẹlískóòpù Gemini kejì wà, ló ń gbé.