Ta Ló La Ògiri Chile? Ọwọ́ CIA Kí Ìbọn Tó Dún

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìdìtẹ̀gbàjọba Chile, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973 ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: bàálù ológun ń ju bọ́ǹbù lu La Moneda, ilé ìjọba tó wà ní Santiago, Ààrẹ Salvador Allende ń dágbére fún àwọn èèyàn rẹ̀ lórí rédíò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti kú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kórè ní 1973, ọdún 1970 ni wọ́n ti gbìn ín. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, Allende, tó jẹ́ olóṣèlú sósíálísìmù tí ìjọba Amẹ́ríkà kò fẹ́, ló ṣíwájú nínú ìdìbò ààrẹ, pẹ̀lú ìbò tó lé díẹ̀ ní ìdá 36 nínú 100. Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó ní ju ìdajì lọ, àwọn aṣòfin ni yóò yan ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣíwájú, ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ni wọ́n sì dá. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìdìbò yẹn ni Richard Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, pe Richard Helms, ọ̀gá àgbà CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Bí Nixon ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Helms ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ti bọ́ síta báyìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: Bí ọ̀nà kan péré bá wà nínú mẹ́wàá, kí wọ́n gba Chile là. Mílíọ̀nù 10 dọ́là wà nílẹ̀, òmíràn ń bẹ bí kò bá tó. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù ni kí wọ́n lò. Kí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà má dá sí i. Kí wọ́n mú kí ọrọ̀ ajé Chile figbe ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọrọ̀ ajé kò lẹ́nu tí yóò fi ké. Ìyálé ilé tó tò fún búrẹ́dì ni yóò ké, awakọ̀ tí kò rí ẹ̀yà ọkọ̀ rà ni yóò ké. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ọ́fíìsì ọjọ́ náà.

Ẹnì kan wà tó dí ọ̀nà mọ́ wọn: Ọ̀gágun René Schneider, olórí àwọn ọmọ ogun orílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Allende. Ohun tó dúró lé ni pé ẹni tí àwọn aṣòfin bá yàn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, òun ni àwọn ológun yóò tẹ̀ lé. CIA àti àwọn ológun Chile tó ń dìtẹ̀ wá pinnu pé àfi kí wọ́n jí i gbé. Ìgbà méjì ni wọ́n gbìyànjú tí kò bọ́ sí i. Ní nǹkan bí aago méjì òru ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, aṣojú CIA kan kó ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́ta fún àwọn ọ̀gá ológun kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ mìíràn, tí CIA ti ń bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, dènà de ọkọ̀ Schneider bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n fi òòlù fọ́ gíláàsì ọkọ̀ náà. Ó nawọ́ sí ìbọn rẹ̀, wọ́n sì yìn ín níbọn. Ìbọn ìléwọ́ ni ilé ẹjọ́ ológun Chile sọ pé wọ́n fi pa á, kì í ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta. Ọjọ́ 25 ló dákẹ́. Lánàá ọjọ́ yẹn ni àwọn aṣòfin fi ìbò 153 yan Allende.

Ìjọba Amẹ́ríkà pàdánù nígbà yẹn, wọn kò sì jáwọ́. Owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún Chile, tó jẹ́ mílíọ̀nù 35 dọ́là ní 1969, wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 1.5 ní 1971. Owó CIA tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 dọ́là bá ẹ̀yìn wọlé fún El Mercurio, ìwé ìròyìn Chile tó ń tako Allende. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò dín kù ni ìrànwọ́ fún àwọn ológun.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín: ògiri Chile lanu. Ilé aṣòfin yapa, owó ọjà ń fò sókè, àwọn tó ni ọkọ̀ akẹ́rù yanṣẹ́ lódì ní 1972, ìjọba Allende pàápàá sì ṣe àwọn àṣìṣe tirẹ̀. Àwọn ológun Chile ló fi bàálù Chile ju bọ́ǹbù. Ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Frank Church ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 1975, kò rí ẹ̀rí pé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ tààrà nínú ìdìtẹ̀gbàjọba 1973. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri fún ọdún mẹ́ta, tó ń fi irin la ibi tó ti ń sán, ṣé a ó sọ pé kò mọ̀ nípa aláǹgbá? Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ọ̀gágun Augusto Pinochet, tó gbàjọba lẹ́yìn Allende, fi jọba. Èèyàn tó lé ní 3,000 ni wọ́n pa tàbí tí wọ́n mú lọ tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́.

Ọdún 2000 ni CIA tó jẹ́wọ́ fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pé lẹ́yìn ikú Schneider, àwọn san 35,000 dọ́là fún ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ tó kọlù ú. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni kí ọ̀rọ̀ má bàa tú, àti àánú ọmọnìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn ọmọ Schneider pe Henry Kissinger, olùdámọ̀ràn Nixon lórí ètò ààbò ní 1970, lẹ́jọ́ ní Washington. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni, kì í ṣe ohun tí adájọ́ lè dá sí.