Database láti ìpìlẹ̀: ẹ jẹ́ ká pín tébù yìí

Ẹ káàbọ̀ o. Tébù la fẹ́ pín lónìí, ìyẹn ìlà àti òpó tí database, ibi tá à ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí létòlétò, ń to nǹkan sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti há normal form, ìyẹn àwọn òfin bá a ṣe ń pín tébù kí nǹkan kan má bàa wà níbi púpọ̀, sórí dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá ní kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó ṣe é, ó parí.

Ẹ wo skríìnì mi. Matric, orúkọ, kóòdù kọ́ọ̀sì, àkọlé kọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀ wà lójú kan. Bọ́lá forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì 6, ìyẹn ni pé orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, tó bá wá lọ́kọ tó yí orúkọ padà ńkọ́? Ẹ bá gbàgbé ìlà kan péré, Bọ́lá ti di èèyàn méjì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kí nǹkan kan máa wà níbi púpọ̀ yìí wà nínú ìwé tí Codd, ẹni tó gbé irú database onítébù yìí kalẹ̀, kọ ní IBM lọ́dún 1970, kì í ṣe lẹ́kíṣọ́rà yín ló hùmọ̀ ẹ̀ láti fi fìyà jẹ yín o.

Ó yá, ẹ ṣí SQLite, ètò kékeré tá a fi ń ṣe database:

sqlite3 ileewe.db
PRAGMA foreign_keys = ON;

Ẹ má fo ìlà kejì yẹn! SQLite kì í yẹ foreign key (òpó tó ń tọ́ka sí ìlà kan nínú tébù míì) wò fúnra ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un ṣí.

CREATE TABLE akeko (matric TEXT PRIMARY KEY NOT NULL, oruko TEXT);
CREATE TABLE koosi (koodu TEXT PRIMARY KEY NOT NULL, akole TEXT);
CREATE TABLE iforuko (matric TEXT NOT NULL REFERENCES akeko, koodu TEXT NOT NULL REFERENCES koosi, PRIMARY KEY (matric, koodu));

Tébù kẹta yẹn ni kókó. Kò gbé orúkọ kankan, matric àti kóòdù nìkan ló mọ̀, àwọn méjèèjì ló sì para pọ̀ di primary key (ohun tá a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀, tí kì í jọra), torí náà Bọ́lá ò lè mú kọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá jẹ́ ká mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Mo ti fi Bọ́lá (matric ẹ̀ ni 21/0456) sínú akeko, mo sì ti fi CSC305 sínú koosi, mo wá tẹ CSC350 tí kò sí níbẹ̀:

INSERT INTO iforuko VALUES ('21/0456', 'CSC350');

Ó pariwo: FOREIGN KEY constraint failed. Ohun tá a fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ tẹ CSC305, á gbà á. Ká wá fi JOIN so tébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ká lè rí orúkọ àti àkọlé lójú kan:

SELECT oruko, akole FROM akeko JOIN iforuko USING (matric) JOIN koosi USING (koodu);

Ẹni tí ò tíì forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan kan ò ní jáde níbí. Ẹ fi LEFT JOIN, tó máa ń mú gbogbo ẹni tó wà nínú tébù àkọ́kọ́ jáde, rọ́pò JOIN méjèèjì, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀.