Máìlì Kan Láàárín Ìṣẹ́jú Mẹ́rin: Ara Ló Ń Ṣòro, Kì Í Ṣe Ìgbàgbọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìwúrí jẹun. Wọ́n ní ìbẹ̀rù ọkàn ló dí ọ̀nà àtisá máìlì kan kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé, àti pé bí Roger Bannister, asáré ará Ìlú Ọba, ṣe sá a ní 3:59.4 (ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 59.4) ní Oxford lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1954, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ya tẹ̀lé e lọ́dún náà. Irọ́ ni. Ní gbogbo 1954, èèyàn méjì péré ló ṣe é: òun àti John Landy, ará Ọsirélíà. Títí di 2022, ọkùnrin tó ti ṣe é rí láyé kò tíì pé 2,000. Àwọn tó ti gun òkè Everest dé ṣóńṣó pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Máìlì kan jẹ́ mítà 1,609. Tẹ́ ẹ bá yípo pápá oní-400 mítà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ṣì ku mítà mẹ́sàn-án. Ìyípo kan kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 59.6. Ẹ sá 200 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 29.8, kẹ́ ẹ wá rántí pé méje irú ẹ̀ ṣì wà níwájú.

Ìyípo kìíní máa ń tanni jẹ. Èémí ṣì balẹ̀, ẹsẹ̀ ṣì fúyẹ́. Ẹni tó bá fi 56 sá a ti ná owó ọjà tán kó tó dé ìsọ̀. Bannister fi 57.5 sá tirẹ̀, èkejì gbà á ní 60.7, ẹ̀kẹta lé ní 62. Ẹ̀kẹta yẹn ni ojú ọ̀gbẹ́. Atẹ́gùn tí ọkàn ń fi ránṣẹ́ kò tó èyí tí iṣan ń béèrè mọ́, itan á wú, á le gbagidi, ìgbésẹ̀ á kúrú láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀.

Báwo ni Bannister ṣe múra? Ìyípo mẹ́wàá, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Ní oṣù Kejìlá 1953, 66 ni ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gbà á. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, 61 ni, ó sì há síbẹ̀. Ó fi eré sílẹ̀, ó lọ gun àpáta ní Scotland fọ́jọ́ mélòó kan. Ìgbà tó dé, ó sá a ní 59. Àárẹ̀ ló kó jọ sínú ẹsẹ̀ ẹ̀. Ìsinmi ló tú u. Ẹ̀yin kóòṣì tó ń mú ọmọ sáré lójoojúmọ́ láìsí ìsinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bàtà, àmọ́ ìyá kan lẹ́yìn béèrè pé, “Obìnrin ńkọ́?”

Ẹ ṣeun, ìyá. Kò tíì sí. Faith Kipyegon ti Kẹ́ńyà ló sún mọ́ ọn jù: 4:07.64 ní Monaco lọ́dún 2023. Ní Paris lóṣù Kẹfà 2025, wọ́n kó àwọn asáré yí i ká, níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n máa gba afẹ́fẹ́ fún un. Ó sá a ní 4:06 àti díẹ̀, wọn ò kà á sí àkọsílẹ̀ àgbáyé. Tí ẹni tó ń sá ìṣẹ́jú mẹ́rin gééré bá wà nínú eré yẹn, ìgbà tó bá fàyà kan okùn, ó lé ní ogójì mítà tó ṣì kù fún Kipyegon.