Ciclosporin: Ẹ Má Sáré Dín In Kù

Ẹ jókòó dáadáa o, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tí mùdùnmúdùn eegun yín daṣẹ́ sílẹ̀, tí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ (aplastic anaemia), tẹ́ ẹ gba ATG, oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan láti rọ àwọn ọmọ ogun ara lágbára, tẹ́ ẹ wá ń mu ciclosporin tó ń ká wọn lọ́wọ́ kò, ọ̀rọ̀ yín ni. Mi ò ní ṣàlàyé oògùn náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rà á ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Ẹ lọ klíníkì ní Gwagwalada, wọ́n ní PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, ti di 36, platelet tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì náà ti gòkè. Kẹ́ ẹ tó padà dé Kubwa, ẹ ti dá oògùn pín sí méjì fúnra yín. Áà! Ta ló rán yín? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn yẹn ló ṣì gbé ẹ̀jẹ̀ yín dúró!

Ẹ wo ajá tẹ́ ẹ rà pé kó máa ṣọ́lé, tó wá ń bu ọmọ onílé jẹ. Bí àwọn ọmọ ogun ara yín ṣe kọjú ìjà sí mùdùnmúdùn nìyẹn. Ciclosporin ni ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀. Tí ajá bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣé ẹ ó kàn tú u sílẹ̀ ni? Aládùúgbò mi kan tú tiẹ̀. Ẹ bi àwọn adìyẹ ilé wa, ìyẹn àwọn tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀wọ̀n là ń fà gùn, DÍẸ̀DÍẸ̀, ká máa wojú ajá.

Dókítà ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dúró gbọn-in fún bí ọdún kan ná. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ wọn á yọ mílígíráàmù 25, wọ́n á sinmi oṣù méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó yọ òmíràn. Ẹ ṣírò ẹ̀: ẹni tó ń mu 300 lójúmọ́, ó di bí ọdún méjì, ó kéré tán. Ẹ má wò mí báyẹn!

Kẹ́ ẹ tó yọ òmíràn, Ẹ YẸ Ẹ̀JẸ̀ WÒ. Mo tún un sọ: NÍ GBOGBO ÌGBÀ TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ YỌ Ọ́, Ẹ YẸ Ẹ̀JẸ̀ WÒ. Tí platelet bá ń fà sẹ́yìn, ẹ dúró, ẹ pe dókítà. Ó lè dá oògùn padà sókè, ẹ̀jẹ̀ sì sábà máa ń gbọ́. Nínú ẹni mẹ́ta tí ATG ṣiṣẹ́ fún, ó tó ẹnì kan tí àìsàn yìí ń padà wá bá, ìkánjú sì wà lára ohun tó ń pè é.

Tó bá jẹ́ owó ló le, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ má mu ún lónìí kẹ́ ẹ fò ó lọ́la.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọn ciclosporin nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ fi oògùn ti àárọ̀ sínú báàgì. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tán lẹ ó mu ún.

Tí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara ń dúdú lójú kan láìjẹ́ pé ẹ fara gbá nǹkan, ẹ má dúró de ọjọ́ klíníkì o. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.